Ìtura Inú Ilé Titun: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú?

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òtútù ti ń mú gidigidi, bí Ìlú Ọba àti Jámánì, ìdílé tí ó bá ń kọ́ ilé titun kì í fi ọ̀rọ̀ ohun tí yóò máa mú ilé náà móoru sí ẹ̀yìn. Kí ògiri tó dìde ni wọ́n ti mọ̀ bóyá gáàsì ni wọn yóò lò tàbí iná mànàmáná, ibi tí páìpù omi gbígbóná yóò gbà kọjá, àti bí ògiri àti òrùlé yóò ti nípọn tó kí ooru tí wọ́n fi owó rà má baà jò dànù. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí a bá gbàgbé nígbà tí ilé wà lórí ìwé, wíwó ni a óò wó ògiri kí a tó rí i tún ṣe nígbà tí ilé bá parí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òdìkejì ni ọ̀ràn náà. Kì í ṣe òtútù ni ó ń lé ènìyàn jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ lóru, ooru ni. Ẹni tí ó bá ti gbé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì dé, kò nílò ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́lé kì í ro ti ooru rárá títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọlé. Wọ́n á ti ro iye yàrá. Wọ́n á ti ro àwọ̀ ọ̀dà. Wọ́n á ti ro irú gẹ́ètì tí yóò wu aládùúgbò. Alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sùn síbẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé inú ààrò ni àwọn kó sí. Nígbà náà ni wọ́n á sáré lọ sí ọjà lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.” Ó yẹ kí á wo ilé, kí á wo oòrùn, kí á wo afẹ́fẹ́, kí á tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Kókó àlàyé yìí ni pé orí ìwé àti orí òrùlé ni a ti ń pinnu bí ilé yóò ti tutù tó. Ẹ̀rọ kàn ń wá kún ohun tí ilé náà bá ti ṣe sílẹ̀ ni.

Bí a bá fi tọkọtaya olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yéni. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Ìyá ọkọ, arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ra ilẹ̀ kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Títì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ yóò kọ́ ilé dé òrùlé. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn náà kò ní í tó nǹkan méjì. Bóyá kí wọ́n fi ṣe òrùlé tí ó péye àti àjà tí ó dára, tàbí kí wọ́n fi òrùlé olówó pọ́ọ́kú bo ilé, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta. Ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ yàn.

Ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni ooru ń gbà wọ inú ilé. Èkíní ni òrùlé. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà, ní ọ̀sán gangan, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà ní àárín orí ní gbogbo ọdún. Òrùlé ni ó sì ń gba ẹrù náà. Èkejì ni ògiri, pàápàá ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn a máa rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán rẹ̀ fi ń gún ògiri ní tààrà. Ẹ̀kẹta ni fèrèsé tí oòrùn ń gba inú gíláàsì rẹ̀ wọlé. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó wà nínú ilé fúnra rẹ̀: ènìyàn, ààrò ìdáná, fíríìjì àti gílóòbù iná.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tí ó mú ooru ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí ti aṣálẹ̀. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Òógùn ni Ọlọ́run fi ń tu ara ènìyàn lára: bí ó bá ti ń gbẹ lára ni ó ń gbé ooru lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ. Yóò kàn máa ṣàn ni. Ohun tí ó lè ran ara lọ́wọ́ níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ń rìn. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ilé ní láti ṣe: kí ó dènà oòrùn, kí ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ilé tí ó bá ṣe ọ̀kan tí kò ṣe èkejì kò tíì ṣe nǹkan.

Ọgbọ́n tí àwọn àgbà fi kọ́lé

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní òye. Ògiri amọ̀ inú agbo ilé a máa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná. Kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá dé inú yàrá, ilẹ̀ á ti ṣú. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbòdògí ni ti inú igbó. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko tàbí ewé náà ni kò jẹ́ kí ooru wọlé. Òrùlé a tún máa gùn jáde borí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ògiri kò fi ní í rí oòrùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n sì ti ń sùn nígbà mìíràn bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Àgbàlá tí ó wà láàárín agbo ilé ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí á padà sí ilé koríko. Iná a máa jó ilé bẹ́ẹ̀ ní wàràwàrà. Inú yàrá rẹ̀ a máa ṣókùnkùn. Eku àti kòkòrò a sì máa bá onílé gbé inú òrùlé. Páànù kó àwọn ènìyàn yọ nínú ewu iná, ó sì yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà tí a gba páànù àti búlọ́ọ̀kù, a kò fi ohun kankan rọ́pò iṣẹ́ tí koríko, amọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe.

Àwọn àlejò pàápàá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí a dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948, tọkọtaya ayàwòrán-ilé kan láti Ìlú Ọba, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni a gbé iṣẹ́ àwọn ilé rẹ̀ fún. Wọn kò kọ́ irú ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ilé tínrín kí afẹ́fẹ́ lè gba ìhà kan wọlé kí ó sì gba ìhà kejì jáde. Wọ́n fi ògiri oníhò-ihò bo iwájú àwọn ilé kan, kí oòrùn lè dúró síta kí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Ilé ìkàwé yunifásítì náà, tí a ń fi orúkọ Kenneth Dike pè lónìí, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí i. Ní 1956, àwọn méjèèjì tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí á máa kọ́lé ní ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí.

Ibi tí ilé kọjú sí

Ohun kìíní tí ó yẹ kí onílé yàn, tí kò sì ná an ní kọ́bọ̀, ni ibi tí ilé yóò kọjú sí. Ìhà tí ilé ti gùn gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ìhà tí ó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ògiri díẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ yóò rí gún. Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí òkun wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, yóò sì rí ojú fèrèsé gbà wọlé.

Ní ti tọkọtaya olùkọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ilẹ̀ wọn rọrùn, nítorí pé gígùn rẹ̀ lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ọkọ fẹ́ kí yàrá ńlá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò máa sùn kọjú sí títì, pẹ̀lú fèrèsé gbàgàdà-gbagada. Kò ṣòro láti mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò wáyé níwájú ayàwòrán-ilé:

“Ojú ilé ni àlejò ń kọ́kọ́ rí. Níbo ló tún yẹ kí yàrá wa wà?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Títì yín wà ní ìwọ̀-oòrùn. Láti aago méjì ọ̀sán títí oòrùn yóò fi wọ̀, ògiri yẹn ni yóò máa yan. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn gan-an ni yóò máa tu ooru náà sí yín lára.”

“Bàbá wọn,” ni ìyàwó wí, “àlejò kì í bá wa sùn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn wà níwájú.”

Ìmọ̀ràn ìyàwó yìí ni ó tọ̀nà. Ohun tí ènìyàn kì í pẹ́ níbẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn: ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn, ilé ìwẹ̀, yàrá ìkẹ́rùsí. Wọn yóò máa gba oòrùn sára bí apata. Kí yàrá ìsùn wà ní ìhà àríwá, gúúsù tàbí ìlà-oòrùn. Èyí tí ó wà ní ìlà-oòrùn yóò gbóná ní àárọ̀, ṣùgbọ́n yóò ti tutù kí alẹ́ tó lẹ́. Kí ilé ìdáná wà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ní í ti gbé ooru rẹ̀ wọ yàrá. Bí àyè bá wà ní iwájú, kí á gbin igi fúrúùtù tàbí máńgòrò síbẹ̀ ní ìwọ̀n tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ní í fi dé ìpìlẹ̀; kí á sì fi koríko sílẹ̀ díẹ̀ dípò kí á fi kọnkéré bo gbogbo àyíká, nítorí kọnkéré a máa gba ooru pamọ́ títí di òru.

Òrùlé àti fèrèsé

Ohun kejì ni òrùlé. Páànù tí ó mọ́lẹ̀ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ funfun a máa dá ìtànṣán oòrùn padà. Èyí tí ó dúdú, tí ó pupa kíjikìji tàbí tí ó ti dógùn-ún a máa fà á mu. Lábẹ́ páànù gbọ́dọ̀ wà àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, tí ó ní ihò ní ìhà méjèèjì, tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò kí àdán àti ẹyẹ má baà wọ̀ ọ́. Lábẹ́ àyè yìí ni àjà yóò wà. Bí kò bá sí àjà, tàbí bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde lókè àjà, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìkòkò gbígbóná lé orí àwọn ará ilé ni.

Kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ní ìhà gúúsù àti àríwá, èyí tó láti fi òjìji bo fèrèsé ní ọ̀sán, yóò sì tún dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ òjò. Àṣà kan gbòde lóde òní láti fi ògiri yí òrùlé ká tí a kò fi ní í rí etí rẹ̀ láti ìta. Ó lè dára lójú, ṣùgbọ́n ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ènìyàn tí ó dúró sí oòrùn láìdé fìlà. Òjò ń na ògiri rẹ̀, oòrùn ń yan án, onílé ni yóò sì máa san owó rẹ̀.

Ohun kẹta ni fèrèsé. Yàrá tí ó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè rí atẹ́gùn gidi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ rí ibòmíràn gbà jáde. Kí fèrèsé méjì kọjú síra, tàbí kí wọ́n wà lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fèrèsé onígíláàsì pélébé-pélébé tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1970 a máa ṣí tán pátápátá. Fèrèsé tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tí ó gbòde lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí. Ìdajì afẹ́fẹ́ ni onílé rà. Èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn sàn jù ú lọ.

Ẹni kan lè wí pé, kí ni ànfààní fèrèsé ńlá bí ẹ̀fọn àti olè kò bá jẹ́ kí á ṣí i lóru? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí nẹ́ẹ̀tì àti irin wà nínú ìṣirò ilé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ ohun tí a ń wá owó fún lẹ́yìn. Fèrèsé tí ìbẹ̀rù tì pa, ògiri ni.

Ẹ̀rọ àti owó rẹ̀

Ìgbà yìí ni ó tó kan ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù kì í mú kí yàrá tutù. Ó ń mú kí òógùn gbẹ lára ènìyàn ni. Nítorí náà, fáànù tí ń yí nínú yàrá tí kò sí ẹnìkankan, iná lásán ni ó ń jẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù ní tirẹ̀ ń gbé ooru àti ọ̀rinrin inú yàrá jáde síta. Willis Carrier, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni ó yàwòrán irú rẹ̀ ní 1902 fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Kì í ṣe nítorí àtisùn ènìyàn. Ọ̀rinrin tí ń ba bébà jẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́gun.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ilé tí a kọ́ fún afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí. Ilé tí a kọ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ tì pinpin. Bí a bá gbé ẹ̀rọ náà sí yàrá tí ó ní àlàfo púpọ̀, ìta ni a ń tù lára. Bí a bá sì kọ́ gbogbo ilé ní títì pinpin nítorí ẹ̀rọ, ọjọ́ tí iná bá lọ, inú àpótí ni onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Ìṣirò owó kò ṣòro. Fáànù ara àjà kan a máa lo nǹkan bíi 75 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní agbára ẹṣin kan, a máa lo nǹkan bíi 800 wáàtì nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bí a bá lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún wákàtí mẹ́jọ lóru fún ọgbọ̀n ọjọ́, fáànù yóò jẹ yúníìtì 18, ẹ̀rọ amúlétutù yóò jẹ 192. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúníìtì kan sí 225 náírà fún àwọn oníbàárà tí a ṣèlérí iná wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́ fún. Ní iye yẹn, fáànù kan yóò gba 4,050 náírà lóṣù; ẹ̀rọ amúlétutù kan yóò gba 43,200; mẹ́ta yóò gba 129,600. Ní ọdún kan náà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí jẹ́ 70,000 náírà.

Àwọn tí kì í rí iná tó bẹ́ẹ̀ a máa yíjú sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó lítà epo bẹntiróòlù kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí iye tí ó lé ní 480. Ewu kan sì tún wà tí ó ju ti owó lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Bí ó bá wọ yàrá tí a tì pinpin, oorun ni yóò kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń kun ènìyàn, a kì í sì í jí mọ́. Kò sí ìtura kan tí ó tó kí á fi ẹ̀mí àwọn ọmọ rà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ilé ìdáná tàbí lábẹ́ fèrèsé.

Ìgbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá yẹ

Síbẹ̀síbẹ̀, kò yẹ kí á pe ẹ̀rọ amúlétutù ní ohun aláfẹ́ lásán. Arúgbó, aláìsàn àti ọmọ ìkókó kì í lè fara da ooru bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ariwo àdúgbò àti eruku ọyẹ́ lè mú kí á ti fèrèsé nígbà mìíràn. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí á yan yàrá kan, kí á sì múra rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa: kí fèrèsé rẹ̀ lè tì pinpin bí ó ti lè ṣí gbayawu, kí àjà rẹ̀ nípọn, kí wáyà iná rẹ̀ dá dúró, kí ihò páìpù sì ti wà lára ògiri kí á tó kun ọ̀dà. Kí apá ẹ̀rọ tí ó wà níta wà ní ibi òjìji. Kí ìwọ̀n ẹ̀rọ bá ìwọ̀n yàrá mu. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tí ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nígbà tí yàrá bá ti tutù wọ́n ju àwọn yòókù lọ ní ọjà, ṣùgbọ́n a máa dín owó iná kù. Yàrá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ni iná tí a ń rí láti ara oòrùn lè gbé láìnira púpọ̀. Gbogbo ilé kò rọrùn fún un.

Àkótán

Bí tọkọtaya olùkọ́ náà bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, òrùlé ni wọn yóò fi owó wọn ṣe. Wọn yóò jẹ́ kí etí rẹ̀ gùn, wọn yóò ṣe àjà, wọn yóò fi nẹ́ẹ̀tì àti irin sí fèrèsé, wọn yóò fi fáànù sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò múra yàrá ìyá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù kan, wọn yóò sì rà á nígbà tí owó bá tún dé. Aládùúgbò lè wò wọ́n bí ẹni tí kò lówó, nítorí kò rí ẹ̀rọ mẹ́ta lára ògiri wọn. Ṣùgbọ́n ní òru oṣù kẹta, nígbà tí iná bá lọ tí àdúgbò dákẹ́, àwọn ọmọ wọn yóò máa sùn.

Ẹ̀rọ a máa gbó. Owó iná a máa gòkè. Ilé ni yóò dúró. Ẹni tí ó bá rà ìtura sínú ògiri àti òrùlé ti san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó rà á sínú ẹ̀rọ nìkan yóò máa san án lóṣooṣù, ọjọ́ tí kò bá sì rí i san ni ooru yóò padà wọlé. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá; kí ó má ṣe jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni yóò yé onílé.